Kí Àwòrán Má Baà Wọ́

Ẹ̀yin ará, bí a bá ń fi fíìmù Mount Zion, ẹgbẹ́ tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, han àwọn ènìyàn ní ìgbèríko Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, àwọn àgùnbánirọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá a máa wà láàárín wa. Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n ń kà. Bí àwòrán bá wọ́, ìyà náà pọ̀ lára wọn.

Orí àga kúkúrú ni ọ̀pọ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ pùrójẹ́kítọ̀ sí, wọn a sì fi òkúta gbé iwájú rẹ̀ sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè rìn jìnnà ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bó sì ti ń jìnnà ló ń fẹ̀. Nítorí náà ni orí òṣèré fi ń tóbi ju bó ti yẹ!

Ẹ yọ òkúta yẹn. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì títẹ́jú, ní ọ̀gangan àárín aṣọ funfun, kí ó kọjú sí i gan-an. Bí àwòrán bá ṣì wálẹ̀ jù, tábìlì ni kí ẹ gbé ga. Ẹ so igun aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le.

Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní keystone. Ó ń tún un ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ lára àwòrán, lẹ́tà wẹ́wẹ́ a sì ṣú. Èmi kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹ fi okùn wọn àwòrán lọ́tùn-ún àti lósì, lókè àti nísàlẹ̀, kí èrò tó jókòó.