Bí Àtúnṣe Kékeré Ṣe Di Ẹnu Ọ̀nà Git

Oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni BitKeeper, irinṣẹ́ tí òun àtàwọn tó ń kọ Linux ń lò, ní òun ò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti fa iṣẹ́ náà lé Junio Hamano lọ́wọ́. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń fi Git tọ́jú kóòdù lónìí, nítorí náà àwọn tó ń kọ ọ́ kì í fi ìdánwò rẹ̀ ṣeré. Fódà kan wà tó ń jẹ́ t; ìdánwò ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ta ló wá ń dán ìdánwò wò?

Ẹ wo irú ìlà yìí, tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìdánwò tó ti pẹ́: git log | grep. Git á to ìtàn iṣẹ́ sílẹ̀, grep á wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń retí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá so àṣẹ méjì pọ̀ báyìí, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni kọ̀ǹpútà ń bi léèrè bóyá iṣẹ́ yọrí. Bí Git bá dá kú lẹ́yìn tó ti tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, grep á ní òun rí i, ìdánwò á sì yege. Lójú tèmi, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ burú ju àìsí ìdánwò lọ, torí ó ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀ lórí asán. Àtúnṣe rẹ̀ ò sì ju pé kí Git kọ èsì sínú fáìlì, kí grep wá lọ wo fáìlì náà.

Dípò kí àwọn àgbà tún gbogbo irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n fi sílẹ̀ fún àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ lábẹ́ Google Summer of Code tàbí Outreachy, àwọn ètò tó ń mú ẹni tuntun wọ inú irú iṣẹ́ yìí, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú irú àtúnṣe kékeré bẹ́ẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kóòdù lè má ju ìlà mẹ́ta lọ, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e má sì tẹ́ wọn lọ́rùn: kí ló bàjẹ́, kí ló dé tí ọ̀nà yìí fi dára jù? Kí àkọlé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánwò náà, bíi t7001. Kí èèyàn má po àtúnṣe àlàfo mọ́ àtúnṣe àṣìṣe. Wọ́n á dá a padà, onítọ̀hún á tún un fi ránṣẹ́, ó di v2, ìyẹn ẹ̀dà kejì, ó di v3. Ó máa ń súni, àmọ́ ẹni tó bá là á kọjá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ kí iṣẹ́ ńlá tó dé.

Àtúnṣe ẹyọ kan péré ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyókù di ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.