Páálí Káàdì Béísíbọ́ọ̀lù Àtijọ́: Ṣé Ó Yẹ Ká Ṣí I, Ká sì Fi Gba Máàkì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí kò kan ìwé ìgbélùú, kò sì kan òṣèlú ilé. Ọ̀rọ̀ káàdì béísíbọ́ọ̀lù ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rà á, tí mo sì ń tà á ní òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi, àwọn èèyàn wa sì ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Láti ìgbà tí owó káàdì ti fò sókè ní ọdún 2020 àti 2021, kò sí ìnáwó tí mo lọ tí ẹnì kan kò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí páálí káàdì àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Tí mo bá ṣí i, tí mo kó gbogbo ẹ̀ fún àwọn tó ń fún káàdì ní máàkì, ṣé owó wà ńbẹ̀?"

Ìdáhùn mi kò gùn: lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí. Owó wà nínú káàdì díẹ̀ tí a bá fi ojú ara wa ṣà, owó sì lè wà nínú páálí náà fúnra rẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀ ní dídì. Ṣùgbọ́n ká já páálí, ká kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ gba máàkì, ọ̀nà àtipàdánù ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kí ni wọ́n ń pè ní máàkì?

Fún ẹni tí kò mọ̀, bébà líle kékeré ni káàdì béísíbọ́ọ̀lù. Àwòrán eléré wà níwájú rẹ̀, àkọsílẹ̀ bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn. Topps ni ilé-iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Láyé ọjọ́un, àwọn ọmọdé ló ń rà á nínú páàkẹ́ẹ̀tì bébà tí wọ́n fi ìda pa lára, pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀. Páàkẹ́ẹ̀tì 36 ló sábà máa ń wà nínú páálí kan.

Ní ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ PSA bẹ̀rẹ̀ ní California. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n yẹ káàdì wò bóyá ojúlówó ni, kí wọ́n sì wo kọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí rẹ̀, ojú rẹ̀, àti bóyá àwòrán náà wà ní àárín gbùngbùn. Wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 10, bíi ti olùkọ́ iléèwé, wọ́n á sì dè é mọ́ inú ike líle. SGC àti Beckett náà ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Máàkì yìí lè sọ káàdì di ńlá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta káàdì Mickey Mantle kan tí Topps tẹ̀ ní 1952 ní gbànjo, ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. SGC ló fún un ní 9.5. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ín rà á ní 50,000 dọ́là ní ọdún 1991. Irú ìròyìn báyìí ló ń mú kí ojú àwọn èèyàn wa máa wọ páálí tó bá ti wà ní gbàgede ẹni tó ń kó ẹrù ilé tà.

Káàdì tí ọwọ́ kò kàn kò túmọ̀ sí káàdì tí kò lábùkù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kan káàdì, 10 ni yóò gbà. Rárá o. Àbùkù tó pọ̀ jù, láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti bá a wá. Àwọn ẹ̀rọ ayé àtijọ́ máa ń gé bébà wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ̀gbẹ́ kan á fẹ̀, ìkejì á tín-ín-rín. Bẹ́ẹ̀ PSA fẹ́ kí etí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi 55 sí 45, kí káàdì tó lè gba 10. Ọ̀dà ìtẹ̀wé náà máa ń ta sí ojú àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn.

Kò tán síbẹ̀. Ìda tó wà lára páàkẹ́ẹ̀tì máa ń yọ́ mọ́ káàdì tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ṣingọ́ọ̀mù náà tó ti wà nínú páàkẹ́ẹ̀tì fún ogójì ọdún á ti fi àbàwọ́n sára káàdì tó fara kàn án. Topps kò yọ ṣingọ́ọ̀mù kúrò títí di ìgbà tí ti 1991 fi kọjá. Nítorí náà, nínú páàkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, káàdì kan tàbí méjì ti lè fìdí rẹmi kí ẹ tó já a.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká mú páálí Topps ọdún 1980. Páàkẹ́ẹ̀tì 36, káàdì 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 540 nìyẹn. Ṣùgbọ́n oríṣi káàdì 726 ni Topps tẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tí gbogbo ayé ń wá níbẹ̀ ni Rickey Henderson, nọ́ńbà 482, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Topps máa tẹ káàdì rẹ̀. Bí 540 bá jáde nínú 726, ẹ rí i pé páálí kan lè wà tí Henderson kò sí nínú rẹ̀ rárá, òmíràn sì lè ní méjì. Ká tiẹ̀ ní ẹ rí i. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún Henderson 1980 tí àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ sí PSA, kò tó 50 tó gba 10. Àlàfo tó sì wà láàárín owó 10 àti owó 9 kì í ṣe kékeré. Ó dà bíi ká fi ilé wé yàrá kan.

Ká wá ní ẹ kó gbogbo 540 náà ránṣẹ́. Owó iṣẹ́ máa ń yí padà, ṣùgbọ́n ká kàn fi 25 dọ́là lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣirò. 13,500 dọ́là nìyẹn, a ò tíì ka owó ìfiránṣẹ́ àti inṣọ́ránsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn eléré tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè ni. Káàdì irú wọn lè gba 8, kí owó rẹ̀ lọ́jà má sì tó 25 tí ẹ san. Ẹ ti fi owó ra ike nìyẹn.

Ti àwọn páálí ìparí ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 tún burú jù. Lásìkò yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ káàdì bí ẹni ń tẹ ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn sì ń kó o pa mọ́ pé yóò di owó iléèwé ọmọ. Títí dòní, ọ̀pọ̀ páálí ìgbà náà ṣì wà tí kò tó 50 dọ́là. Kódà káàdì Ken Griffey Jr. tí Upper Deck tẹ̀ ní 1989, tó lókìkí jù nínú wọn, èyí tó ti gba 10 lọ́wọ́ PSA lé ní 4,000.

Páálí tí a kò ṣí ní owó tirẹ̀

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó ń ra páálí àtijọ́, ìrètí ló ń rà. Gbogbo àwọn tó ń ta páálí ló mọ ẹni tó lè wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi ìyẹn kún owó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá já a, ìrètí di káàdì 540, ó sì sábà máa ń kéré sí owó tí ẹ san. Bí ẹyin bá fọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà láti Kánádà, bó tilẹ̀ jẹ́ káàdì họ́kì ni. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Heritage Auctions ta páálí ńlá O-Pee-Chee ti 1979 sí 1980 kan, tí páálí kéékèèké 16 wà nínú rẹ̀, ní mílíọ̀nù 3.72 dọ́là. Saskatchewan ni wọ́n ti rí i. Káàdì àkọ́kọ́ Wayne Gretzky ni gbogbo èèyàn gbà pé ó wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí Gretzky kan ṣoṣo kí wọ́n tó san owó yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọmọ wa Olajuwon náà, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Káàdì àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú Fleer ti 1986, nọ́ńbà 82, tí wọ́n kọ Akeem sí kó tó di Hakeem, inú páálí kan náà ló wà pẹ̀lú ti Michael Jordan. Jordan ló gbé owó páálí yẹn dé ọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ Olajuwon sí ògiri ilé, kó ra káàdì Olajuwon kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ owó páálí rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún páálí àtúndì

Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ wà tí wọ́n máa ń fi ooru áyọ́ọ̀nù tú ìda páàkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á mú ìràwọ̀ inú rẹ̀, wọ́n á fi káàdì yẹpẹrẹ rọ́pò, wọ́n á sì tún un dì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń wo bí ìda ṣe yọ́, àti bóyá káàdì tẹ̀ léra bí ẹ̀rọ ṣe máa ń tò wọ́n. Síbẹ̀, kódà ojú amòye lè tàn án. Ní ìparí ọdún 2021, Logan Paul, gbajúmọ̀ orí YouTube, ra páálí ńlá Pokémon kan ní mílíọ̀nù 3.5 dọ́là, tí àwọn amòye ti yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kìíní 2022, káàdì G.I. Joe ló kún inú rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún arábìnrin wa kan

Arábìnrin wa kan ní Maryland tọ́jú bàbá àgbàlagbà òyìnbó kan fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fún un ní páálí méjì: Topps 1980 kan àti Donruss 1988 kan. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti mú sísọ́ọ̀sì dání kó tó pè mí! Mo ní, "Àǹtí, ẹ dá àwọn ọmọ yẹn dúró ná." Mo kọ́kọ́ ní kó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ bàbá pé àwọn ló fún un, torí ọ̀rọ̀ olùtọ́jú àti ẹ̀bùn lè di ẹjọ́ nílẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, kó gbé ti 1980 lọ fún àwọn tó ń yẹ páálí wò. Ojúlówó ni. Ó tà á ní dídì, ó sì fi owó náà kún owó iléèwé nọ́ọ̀sì ọmọbìnrin rẹ̀. Ti 1988 ńkọ́? Mo ní kí wọ́n já a, kí wọ́n ṣeré. Wọ́n jẹ̀gbádùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún máàkì.

Ìgbà wo ló wá yẹ?

Bí ẹ bá ti ṣí páálí àtijọ́, tàbí ẹ ti pinnu pé ẹ máa ṣí i, ẹ ṣe báyìí. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ ya àwọn ìràwọ̀ àti àwọn tí káàdì àkọ́kọ́ wọn bá wà níbẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ fi rúlà wọn etí káàdì, kí ẹ sì fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo kọ́nà. Èyí tó bá wọ́, tó lábàwọ́n, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fún ìyókù, ẹ wo iye tí irú rẹ̀ tó gba 8 àti 9 tà ní gidi. Ẹ má wo ti 10. Bí owó 8 bá ti lè san owó iṣẹ́, owó ìfiránṣẹ́ àti iye tí ẹ lè ta á láìní máàkì, ẹ fi ránṣẹ́. Nínú 540, ó lè má ju mẹ́wàá lọ. Ẹ rántí pé bí káàdì bá níye lórí ju bí ẹ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lọ, owó iṣẹ́ lè gòkè.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, owó orí náà wà níbẹ̀. Èrè orí irú nǹkan báyìí tí ẹ bá ti ní fún ju ọdún kan lọ, ìjọba àpapọ̀ lè gba tó 28 nínú 100 lórí rẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo nìyí: ẹ má kó owó àjọ, ẹ má kó owó ilé tí ẹ ń kọ́ nílé, ẹ má sì kó owó iléèwé ọmọ lé páálí tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá ní páálí nílé lónìí, kó gbé e síbi tútù tí kò sí ọ̀rinrin, kó jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó mú ọ̀bẹ.

Ire o.