Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́: gbogbo ẹ̀ kọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí o!

Ẹ ò ní rìn jìnnà l'ọ́jà Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn kí ẹ tó rí ẹni tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. A ò bá wọn jà o. Ibi tí wàhálà wà ni pé tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń yọ nínú ìgbẹ́ ẹlòmíì, jẹ̀díjẹ̀dí náà ló máa pè é, á sì máa mu àgbo títí oṣù á fi gorí oṣù. Bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá.

Kí ló wá dé tí oṣù yẹn fi léwu? Ẹ wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn. Òwú tó di ara wọn mú ló ń jẹ́ kí aṣọ di aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tí ara wa fi di odindi, ṣe so mọ́ra nínú ìfun. Purotéènì kan tó ń jẹ́ E-cadherin ló yọrí síta lára wọn, òun ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Beta-catenin wà nínú, òun ló so ìdí ẹ̀ ró.

Fọ́sífétì ló lè tú u. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn mọ̀ ọ́n: òun ni P tó wà lára àpò ajílẹ̀ NPK. Kì í ṣe ọ̀tá o, ojoojúmọ́ lara wa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì, tó tún ń ṣí i kúrò, bí ìgbà téèyàn ń tan iná tó ń pa á. Àmọ́ nínú jẹjẹrẹ ìfun, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́, Src lorúkọ ẹ̀, sábà máa ń ṣe àṣejù. Tó bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ E-cadherin àti beta-catenin láìdáwọ́ dúró, ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi di ara wọn mú á dẹ̀. Èyí tó já á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ló sì sábà máa ń balẹ̀ sí. Kó tó já, dókítà lè gé e kúrò, ọ̀pọ̀ ló sì ń yè é.

Àwọn dókítà OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ àti ti Memorial Sloan Kettering ní New York ti jọ dá ẹgbẹ́ oníwádìí ARGO sílẹ̀ lọ́dún 2013. Wọ́n ń fi okùn tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo ìfun àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára wọn. Kì í ṣe arúgbó nìkan o. Àwọn tí ò tíì pé 50 ọdún pọ̀ nínú àwọn tí àìsàn yìí ń mú nílẹ̀ wa.

Ìtìjú wà níbẹ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ò ju kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fi ìka kan yẹ ojú ìdí wò. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.