Aáyán Ọ̀sìn àti Ilẹ̀ tí Ó Ń Gbẹ́

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn kan ń sin aáyán bí ẹní ń sin adìyẹ, ẹnu yóò yà á. Aáyán inú ilé ni ó mọ̀, èyí tí í máa sá kiri bí iná bá tàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹ̀yà aáyán tí ń bá ènìyàn gbé. Inú igbó àti inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Kí wá ni ilẹ̀ jẹ́ fún èyí tí ń gbẹ́lẹ̀?

Ní Queensland, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni aáyán tí ó wúwo jù lọ láyé wà. Gígùn rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 8, ìwọ̀n rẹ̀ lè tó gíráàmù 35, kò sì ní ìyẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ le koko, ó sì ń lò ó bí ọkọ́. Ihò rẹ̀ lè jìn tó mítà 1. Ibẹ̀ ni ìyá ń wọ́ ewé gbígbẹ lọ, ibẹ̀ náà ni ó ti ń tọ́jú ọmọ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nínú àpótí, bí iyanrìn bá gbẹ pátápátá, ihò náà yóò máa ya lulẹ̀. Bí ó bá jẹ́ amọ̀ líle, agbára kòkòrò náà kò ní ká a. Bí omi bá sì pọ̀ jù, ewé yóò bu. Ohun tí ó yẹ ẹ́ ni iyanrìn tí a pò mọ́ erùpẹ̀, tí ó jìn dáadáa, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù díẹ̀, tí òkè rẹ̀ sì gbẹ.

Síbẹ̀, ilẹ̀ tí kò gba ọ̀kan ni ilé ẹlòmíràn. Ní aṣálẹ̀ California, aáyán kan wà tí kì í ní ihò rárá: inú iyanrìn híhọ ni ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Lọ́sàn-án, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ooru kò ti mú, ó sì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sára. Ti Màdágásíkà, tí ń dún ṣìì bí a bá fọwọ́ kàn án, kì í gbẹ́ ihò jíjìn ní tirẹ̀; abẹ́ ewé àti igi tó ti ṣubú ni ó ń sá sí.

Nítorí náà, kí olùsìn tó ra aáyán, kí ó kọ́kọ́ bèèrè irú ilẹ̀ tí ó ti wá. Ti Queensland lè lo ọdún 10 láyé, kì í sì í tètè dàgbà. Bí kò bá yọjú fún ọjọ́ mélòó kan, kí olùsìn má ṣe tú ilẹ̀ wò: ó lè jẹ́ ilé ìyá àti ọmọ ni yóò wó.