Ewé, Èèpo àti Egbò: Ọ̀nà tí A ń Gbà Kó Egbòogi àti Ìwàláàyè Igi ní Agbègbè Ìsẹ́yìn

Ìfáárà

Egbò àti igi ni Yorùbá so pọ̀ tí ó di "egbòogi". Lóòótọ́, ewé ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ìṣègùn ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ, egbò àti èèpo igi kò kéré. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé, nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ẹ̀yà ara igi tí a bá mú, àti bí a ṣe mú un, ni ó ń sọ bóyá igi náà yóò yè.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn

Bí a bá já ewé dóńgóyárò láti fi se àgbo ibà, igi náà yóò tún rúwé. Ti èèpo kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń pèsè ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí a bá bó èèpo yí igi po, ebi yóò pa gbòǹgbò, igi náà yóò sì gbẹ lórí ìdúró, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀. Ti egbò ni ó le jù: ẹni tí ó bá wú gbogbo egbò igi kékeré ti pa igi náà.

Àpẹẹrẹ igi mẹ́ta

(a) Àtà (Zanthoxylum zanthoxyloides): Òun ni a fi ń ṣe orin àtà tí ó máa ń ta ni lẹ́nu. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs tẹ ìwádìí jáde pé omi egbò rẹ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ká bíi dòjé padà sí ìrísí rẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Èyí kò sọ ọ́ di ìwòsàn fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí ó yẹ kí a ṣe ìwádìí sí i lórí rẹ̀ ni.

(b) Ọ̀gánwó (Khaya senegalensis): Èèpo rẹ̀ a máa wọ inú àgbo ibà. Igi ńlá ni, kì í sì í dàgbà lọ́dún méjì.

(d) Ìrà ọ̀dàn (Bridelia ferruginea): Omi èèpo rẹ̀ ni a fi ń fọ ẹnu ọmọ tí ẹfu bá mú.

Àwọn ewu mìíràn

Kì í ṣe oníṣègùn nìkan ni ó ń dín igi kù. Iná ọ̀dàn ń jó ọ̀pọ̀ igi kékeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tí ń sun èédú ní Òkè-Ògùn, tí wọ́n ń kó o lọ sí ìlú ńlá, ń gé àyìn àti ẹmi, bẹ́ẹ̀ orin àyìn àti òrí wúlò nínú ilé àti nínú ìṣègùn. Igi tí a ti bó ní èèpo kò sì lè fara da iná bí èyí tí èèpo rẹ̀ pé.

Ibi tí òfin dé

Ní oṣù kọkànlá 2022, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Panama, àdéhùn àgbáyé CITES fi ọ̀gánwó ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ àkóso. Ṣùgbọ́n gẹdú, pákó àti ohun tí a fi igi rẹ̀ ṣe, tí ń kọjá ẹnubodè, ni àkóso náà wà fún. Kò kan èèpo tí a ń tà lọ́jà. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn tí ń kó egbòogi, tí ń tà á àti tí ń lò ó ni ìtọ́jú èèpo wà.

Àbá

Kí a máa gé èèpo ní ìlà tóóró, ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a má sì yí igi po. Kí a wa egbò ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí a sì fi erùpẹ̀ bo ojú ibẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò bóyá ewé àti ẹ̀ka lè ṣe iṣẹ́ tí egbò ń ṣe. A kò gbọdọ̀ fi ojú lásán pààrọ̀ wọn, nítorí èròjà inú wọn lè yàtọ̀. Bí a bá ń gbin ọ̀gánwó, kí a gbìn ín mọ́ àárín igi mìíràn, torí kòkòrò Hypsipyla robusta a máa ba ọ̀mùnú rẹ̀ jẹ́ bí ó bá pọ̀ sójú kan.

Àgbálọgbábọ̀

Ìmọ̀ egbòogi kò lè wà láìsí igi. Bí àtà bá tán nínú ọ̀dàn, orúkọ rẹ̀ lè wà lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń kọ́ kò ní rí ohun tí yóò fi dá a mọ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe: oníṣègùn, ẹlẹ́wé-ọmọ, àgbẹ̀ àti olùkọ́ ni yóò jọ pa igbó mọ́.