"Ó Ń Ro Mí" àbí "Ó Ń Dùn Mí"? Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀ fún Ẹni Tó Ń Múra Sílẹ̀ fún Máràtọ́ọ̀nù

Àwọn kan wà nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tó fẹ́ràn eré ìje ọlọ́nà jíjìn. Oṣù Kẹrin ni wọ́n sábà máa ń sá Máràtọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Nítorí náà, láti oṣù Kejìlá ni àwọn tó fẹ́ kópa ti máa ń jáde nínú òtútù láti múra sílẹ̀. Kìlómítà 42.195 ni eré náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì máa ń fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 múra fún un. Kì í ṣe ohun ìyanu tí ìfarapa kékeré bá wọlé láàrin ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí. Tí a bá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Gbólóhùn yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó. Yorùbá ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ fún ohun tó lè ṣe ẹsẹ̀, ohun tó sì yẹ kí a ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe òun dáadáa á mọ ìgbà tó yẹ kó sáré, ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́, àti ìgbà tó yẹ kó dúró pátápátá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè sọ ohun kékeré di ohun tí yóò dá a jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó yẹ ká mọ̀

Àkọ́kọ́ ni ríro. Tí ẹ bá sá eré tó gùn ju èyí tó mọ́ yín lára lọ ní ọjọ́ Àìkú, tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, itan méjèèjì àti ẹran ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojúgun á máa ro yín. Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ara ríro. Kì í ṣe ìfarapa rárá. Iṣan ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ lè rìn, ẹ sì lè rọra sáré díẹ̀.

Èkejì ni títa. Ohun tó bá ń ta ènìyàn, ojú awọ ló sábà máa ń wà, bí ìgbà tí ata bá kan ojú ọgbẹ́. Bàtà tó há tàbí ìbọ̀sẹ̀ tó rin ló máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lé ròrò. Ẹ má ṣe bó awọ orí rẹ̀, nítorí òun ló ń dáàbò bo ẹran tó wà lábẹ́. Ẹ fi pílásítà bò ó. Ẹ sì ra bàtà eré tó fi díẹ̀ tóbi ju bàtà yín ojoojúmọ́ lọ, torí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tí eré bá gùn.

Ẹ̀kẹta ni pajápajá. Lójijì ni iṣan á sún kì, ẹsẹ̀ á le bí igi. Ẹni tó ti rẹ̀ ló sábà máa ń mú. Ẹ dúró, ẹ na ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́, ẹ rìn díẹ̀. Kì í pẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹrin ni rírọ́. "Mo fi ẹsẹ̀ rọ́" ni ẹni tó kó sí kòtò tàbí tó yọ̀ lórí yìnyín máa ń sọ. Ọrùn ẹsẹ̀ á wú, nígbà mìíràn á dúdú. Ìfarapa gidi nìyí. Tí ẹ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀.

Dídùn ńkọ́?

Ẹ má gbàgbé pé "ó dùn mọ́ mi" yàtọ̀ sí "ó dùn mí": ìdùnnú ni ti àkọ́kọ́, ìrora ni ti èkejì. Tí ó bá jẹ́ ìrora, ẹ wo ibi tó wà àti ìgbà tó ń wá.

Tí ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun bá ń dùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì ń rọlẹ̀ bí ara bá ti gbóná, ẹ dín eré kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí ẹ lè fi orí ìka kan tọ́ka sí, tó ń dùn kódà lóru lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sáré rárá. Egungun lè ti sán, bí ìgbà tí àwo bá sán tí kò tíì fọ́. Tó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni gìgísẹ̀ ń dùn jù, iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni orúnkún ń dùn, ẹ ṣe eré ìdárayá tó ń fún iṣan itan àti ti ìbàdí lókun.

Àwọn físíò máa ń ní kí ènìyàn fi nọ́ńbà díwọ̀n ìrora, láti 0 tí kò sí nǹkan kan, dé 10 tí kò ṣeé fara dà. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé tí kò bá ju 3 lọ, tí kò le sí i bí ẹ ṣe ń sáré, tó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ lè máa sáré jẹ́jẹ́. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sinmi. Tí ẹ bá sì ń tiro, ẹ má béèrè nọ́ńbà mọ́, ẹ dúró.

Omi gbígbóná àti Aboniki

Nílé ọ̀pọ̀ nínú yín, tí Mọ́mì bá ti rí i pé ọmọ ń tiro, omi gbígbóná á dé, táwẹ̀lì á dé, Aboniki tàbí Robb á tẹ̀lé e. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, gbé ẹsẹ̀ wá." Ìtọ́jú tó dára ni fún ara ríro. Ṣùgbọ́n fún ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, ó yẹ kí a mú sùúrù fún ọjọ́ 2 sí 3, nítorí ooru àti fífi ọwọ́ ra á lè jẹ́ kí ó wú sí i. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé: "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ó ṣì wú, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná."

Omi dídì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1978, Gabe Mirkin, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tó farapa sinmi, kó gbé omi dídì lé e, kó fi báńdéèjì dì í, kó sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ní 2014, òun fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní omi dídì ń dín ìrora kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ lè lò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara lè tù yín, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di oògùn.

Oògùn apàrora ló léwu jù, torí pé ó ń pa ẹnu ẹsẹ̀ mọ́ láìwo ohun tó ń ṣe é. Ẹ wo Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2003, ó sá Máràtọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù parí ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25, kò sì sí obìnrin tó sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di 2019. Ní 2004, ó farapa lẹ́sẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Òlíńpíìkì ní Áténì. Ó lo oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣàlàyé lẹ́yìn náà, oògùn yìí da inú rẹ̀ rú, oúnjẹ kò sì ṣe é láǹfààní. Nígbà tó dé nǹkan bíi kìlómítà 36, kò lè lọ mọ́, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn ìsinmi àti ìtọ́jú, ó gba ipò kìíní ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà.

Bí a ṣe ń bá ìmúrasílẹ̀ lọ

Ìsinmi ẹsẹ̀ kì í ṣe ìsinmi gbogbo ara. Ẹni tí ojúgun ń dùn lè lúwẹ̀ẹ́, ó lè gun kẹ̀kẹ́ tí kò bá fa ìrora, ó sì lè sáré nínú omi tó jìn tí ẹsẹ̀ kò kanlẹ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á máa ṣiṣẹ́ lọ, egungun á sì rí ààyè sinmi.

Tí ẹ bá pàdánù ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ san gbèsè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Gbèsè yẹn ló máa ń dá ìfarapa padà. Ẹ fi eré kúkúrú bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Àwọn asáré ní òfin àtijọ́ kan pé kí àfikún ọ̀sẹ̀ kan má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n ó ń kó ènìyàn níjàánu. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín, ẹ sọ ibi tó wà, irú èyí tó jẹ́, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. "Itan méjèèjì ló ń ro mí láti àná" yàtọ̀ gan-an sí "Ojúgun ọ̀tún ló ń dùn mí, lójú kan, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì jẹ́ kí n sùn." Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ lè wọ bàtà eré rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó sọ ti èkejì, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.