Jíìpù náà máa ń ṣubú

Ẹ gba ọ̀nà oko àyíká Awo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, lásìkò òjò, kẹ́ ẹ wo bí àgbàrá ṣe ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Táyà ọ̀tún á wà lókè, tòsì á wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ á wá máa fì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Awakọ̀ á ní, "Kò séwu, jíìpù ni." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń gbé ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ́: bí táyà ọ̀tún ṣe jìnnà sí tòsì tó, àti bí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí ṣe ga tó. Ká ní táyà méjèèjì fi 150 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, tí ìwúwo sì wà ní 70 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Lórí ìṣirò, ọkọ̀ náà lè fì dé nǹkan bíi dígíríì 47. Ẹ wá to àpò gàrí gòkè, kí èèyàn mẹ́ta tún jókòó lé e. Tí ìwúwo bá fi gòkè dé 100 sẹ̀ǹtímítà, ó di dígíríì 37. Ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ nìyẹn o. Tó bá ń rìn, tí táyà òkè gun òkúta, tí ìsàlẹ̀ bọ́ sí kòtò tàbí tí ẹrù sún, kò ní dé ibẹ̀ kó tó dojú dé.

Ní ìlú Ọba, kí irú bọ́ọ̀sì alájà méjì kan tó gba àṣẹ, wọ́n máa ń di ìwúwo èrò sí àjà òkè, wọ́n á sì fì í dé dígíríì 28. Kò gbọdọ̀ ṣubú. Ta ló ń yẹ tiwa wò?

Òfin àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti 2007 ka àpọ̀jù ẹrù sí ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ mélòó lẹ ti rí lọ́nà oko? Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 gbé ṣíṣe ọ̀nà àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní July 11, 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún ní kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Awo ni olú ìlú Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè gọ́tà àti yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa fi dí ibi tí àgbàrá jẹ.

Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́: ẹrù wúwo nísàlẹ̀, fúyẹ́fúyẹ́ lókè, kẹ́ ẹ so ó dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí ẹrù. Níbi tó bá dagẹ̀rẹ́, kí èrò sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ, ẹ rọra darí ẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ má yí i sókè.

Gàrí tó bá dà nù, a lè rí òmíràn rà. Èèyàn ńkọ́?